Danfó, BRT, rélùwéè tàbí ọkọ̀ ojú omi: èwo ló máa bá ọ̀nà yín mu l'Ékòó?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, agbára káká lẹ fi máa rí ilé tí wọn ò ti ń ṣírò owó ọkọ̀ l'Ékòó. Ẹni tó máa ń fò sínú danfó àkọ́kọ́ tó bá ti dúró, òun náà ti ń béèrè iye kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 sí Marina. Red Line tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó sí Oyíngbò. Bí àwọn tó jẹ́ pé danfó àti BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀ láwọn ibì kan, nìkan ni wọ́n mọ̀ ṣe wá ní ohun mìíràn tí wọ́n lè mú nìyẹn.

Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ọ̀nà ń yí padà. Wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, ibùdókọ̀ mìíràn ò sí níbi tá a mọ̀ ọ́n sí mọ́, wọ́n sì ti dí àwọn ibì kan tá a máa ń gbà fo ojú irin kọjá. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ládùúgbò kan ṣoṣo léèrè ọkọ̀ tó dáa jù, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́wàá, kí gbogbo wọn sì tọ̀nà, torí pé ibi tí kálukú ti ń jáde àti ibi tó ń lọ ò dọ́gba.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ mú, kí n wá fi ọkọ̀ tó ń ná an wé ara wọn. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni iye ọkọ̀ tí èèyàn máa wọ̀ láti ẹnu géètì ilé ẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́. Rélùwéè lè fi ogún ìṣẹ́jú gbé yín lọ, kó wá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé yín dé ìdí ẹ̀ àti danfó tó gbé yín kúrò níbẹ̀ ló jẹ wákàtí kan mọ́ yín lọ́wọ́, tí owó tiwọn sì ju ti rélùwéè lọ. Àwọn tó ń ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì sórí ìwé máa ń wo ìrìn tó wà láàárín yẹn. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ló mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ṣe rí, ó sì yẹ kí wọ́n máa bi í.

Danfó àti BRT

Danfó ò béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń wọ inú àdúgbò tí bọ́ọ̀sì ńlá ò lè yà sí, tẹ́ ẹ bá sì ti ké "Ó wà o!" lásìkò, ó ti já yín sílẹ̀ lẹ́bàá òpópónà yín. Ó ń gbé ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ndọ́ á gba owó ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú gan-an, tí ibùdó BRT ti dá, danfó lẹ ṣì máa rí lójú títì.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni owó. Kí òjò ṣú, owó ti lé sí i. Kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níwájú, kọ̀ndọ́ á gé ọ̀nà sí méjì, á ní òun ò dé òpin mọ́, ẹ̀yin á tún wọ òmíràn. Owó tí agbèrò ń gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà láti gáréèjì kan sí ìkejì, àwa èrò la ń san án nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì tún wà níbẹ̀. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" ni kọ̀ndọ́ kọ́kọ́ sọ, ẹ ò kà á sí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bọ́lẹ̀, á na ₦1,000 kan sí ẹ̀yin àti ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, á ní òun ti so yín pọ̀, kí ẹ lọ pín in nísàlẹ̀. Ọkọ̀ á lọ. Ẹ̀yin méjèèjì á wá máa ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà dé ọ̀dọ̀ oníkáàdì fóònù, ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú yín ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ ní owó kéékèèké lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìjà.

BRT ti wà láti oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ gbéra ní Mile 12, tó gba Ikorodu Road àti Western Avenue lọ sí CMS ní Erékùṣù Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 22. Iye tí wọ́n kọ lẹ máa san, òjò ì báà rọ̀. Káàdì Cowry, tẹ́ ẹ ti fi owó sí ṣáájú, lẹ máa tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kò sí ọ̀rọ̀ ṣéńjì, kò sí ẹni tó máa bú yín. Níbi tí wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un, ó máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó há, èèyàn á sì rí i pé ìjọba lè ṣe ohun rere tó bá pinnu. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ò gùn dé ibi gbogbo. Tó bá ti gun Eko Bridge, òun àti danfó jọ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni.

Ìlà ni ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lórí BRT. Nírọ̀lẹ́, ní CMS tàbí Ọ̀ṣọ́dì, ìlà á gùn débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí ẹnu ọkọ̀. Àwọn tó ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ tò. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn ìgbà tí bọ́ọ̀sì míì máa dé. Ọ̀rọ̀ wọn bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè dúró, ó lè lọ. Ẹni tí kò mọ̀, kò ní lè pinnu.

Ní tèmi o: tí ọ̀nà yín bá gùn, tó sì jẹ́ èyí tí BRT ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì fi owó sórí káàdì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí kò bá ju ibùdókọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ, danfó ni kí ẹ wọ̀. Kí èèyàn tò fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò mọ́gbọ́n wá.

Ọ̀nà Mile 2: Blue Line tàbí danfó

Ní ọ̀nà yìí, ẹjọ́ ò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní Mile 2 tàbí FESTAC, tí iṣẹ́ yín sì wà ní Marina, Broad Street tàbí Ìdúmọ̀tà, rélùwéè ni kí ẹ wọ̀. Kìlómítà 13 ni, ibùdó márùn-ún: Mile 2, Súrù-Alábà, Orílé-Ìgánmú, National Theatre, Marina. Ìrìn náà kì í ju bíi ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ní afárá tirẹ̀ tó gbà fo ọ̀sà wọ Erékùṣù Èkó, kò sí trélà tó máa dúró níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ti há rí ní Orílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà 12 péré ló ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́, àwọn èèyàn sì kùn. Láàárín oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná wà á, wọ́n sọ ọ́ di 54. Ìyàtọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè gbọ́kàn lé. Iná tó ń wà á, irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń gbé e, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ yín: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fo ojú irin yẹn kọjá, bó ti wù kó máa kánjú tó.

Ní ti owó, ₦750 ni wọ́n kọ sí Mile 2 sí Marina nígbà tí wọ́n ṣí i, ìjọba gé e sí ìdajì nígbà náà, ó wá di ₦375. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ̀ ọ́ nígbà yẹn ò kúrò nínú ẹ̀ mọ́, kódà nígbà tí ẹ̀dínwó náà dín kù.

Àwọn tọ́rọ̀ náà ò tíì tẹ́ lọ́rùn ni àwọn ará Ìyànà-Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Ọ̀kọ́kọ́máìkò. Kìlómítà 27 ni gbogbo ọ̀nà Blue Line nínú ètò ìjọba, Ọ̀kọ́kọ́máìkò ló sì yẹ kó parí sí, àmọ́ Mile 2 ni apá àkọ́kọ́ dúró. Nítorí náà, ará Ìyànà-Ìbà á wọ danfó wá sí Mile 2, á bọ́lẹ̀, á gun àtẹ̀gùn, á tẹ káàdì, á dúró. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, tó ń gbé lápá ibẹ̀, sọ fún mi pé tóun bá ti rí danfó tó lọ tààrà láti ìdí ilé, òun ò ní bọ́lẹ̀ ní Mile 2, torí orúnkún òun. Mi ò lè bá a jiyàn. Àmọ́ fún ẹni tí ara ẹ̀ ṣì le, tó gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́ lágogo mẹ́jọ, ọkọ̀ méjì náà ṣì sàn ju ọkọ̀ kan tó máa há sí Orílé lọ.

Ọ̀nà Agége: Red Line, BRT Abúlé-Ẹ̀gbá, danfó

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe jù nínú yíyàn.

Red Line gùn tó kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Ọ̀ṣọ́dì, Mùṣín, Yábà, Oyíngbò. Ẹ kà wọ́n dáadáa, torí àwọn orúkọ yìí ló máa sọ fún yín bóyá tiyín ni àbí tiyín kọ́. Ẹni tó ń gbé ní Ìjù tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ẹni tó ń gbé ní Agbádó tó ń kàwé ní Yábà, ẹni tó ń gbé ní Agége tó ń tajà ní Oyíngbò: kò sí ọkọ̀ tó lè bá rélùwéè yìí du ipò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà mọ́tò láti Ìjù wá sí Agége há, ó kún fún kòtò, òjò díẹ̀ ló sì ń bà á jẹ́. Rélùwéè ò mọ̀ nípa gbogbo ìyẹn.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojú irin tó ń gbà, òun nìkan kọ́ ló ni ín. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ni, ti ìjọba àpapọ̀, òun àti rélùwéè Ìbàdàn jọ ń ná an. Nítorí náà kò lè máa wá léraléra bíi Blue Line. Àkókò ló ń bá rìn. Bó bá fi lè fi yín sílẹ̀, ẹ̀yin àti ìjókòó ibùdó lẹ jọ máa wà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò tábìlì àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì máa wò ó bóyá ó ti yí padà. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí ọ̀gá lè dá yín dúró di agogo méje alẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má fọkàn tán rélùwéè yìí fún ìpadàbọ̀. Ẹ fi lọ, kí ẹ fi bọ́ọ̀sì bọ̀.

Fún ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù, ìṣirò ń yí padà. Oyíngbò ni Red Line parí sí. Ẹ jẹ́ ká mú ará Ìyànà-Ìpájà kan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní Ìdúmọ̀tà. Tó bá ní rélùwéè lòun máa wọ̀, á wọ kẹ̀kẹ́ tàbí danfó lọ sí ibùdó Agége, á wọ rélùwéè dé Oyíngbò, á tún wọ danfó gba Ìddó àti Carter Bridge dé Ìdúmọ̀tà. Ọkọ̀ mẹ́ta. Tó bá wọ BRT, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 lórí ọ̀nà Abúlé-Ẹ̀gbá sí Ọ̀ṣọ́dì, ọ̀nà rẹ̀ wà láàárín títì, kò sí danfó tó máa dí i títí dé Ọ̀ṣọ́dì, á wá wọ òmíràn níbẹ̀ sí Erékùṣù. Ọkọ̀ méjì. Danfó náà, méjì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, BRT ni mo máa sọ pé kó wọ̀ láàárọ̀. Rélùwéè ò burú o, ilé tirẹ̀ ló jìnnà sí ìdí ẹ̀. Ká ní ìdí ibùdó Agége gan-an ló ń gbé, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Fún àwọn tó bá ń pa ọkọ̀ dà ní Ọ̀ṣọ́dì: ilé ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbé èrò lọ sì yàtọ̀. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, torí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará àdúgbò ń sọ nípa Red Line yìí, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n kọ́ afárá mọ́tò gba orí ojú irin ní Ìkẹjà, Mùṣín, Yábà àti Oyíngbò kí rélùwéè àti mọ́tò má baà máa pàdé mọ́. Ohun tó tọ́ ni. Rélùwéè ti pa èèyàn púpọ̀ l'Ékòó níbi táwọn èèyàn ti ń fo ojú irin, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n ṣí ibẹ̀ padà. Àmọ́ ẹni tó ń gba ojú irin kọjá lọ sọ́jà ní ìṣẹ́jú méjì, tó wá di pé kó gun òkè kó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí, ìnira tirẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn ìyá tó ń tajà ní apá kejì ojú irin sọ pé oníbàárà wọn dín kù. Ìgbà tí wọ́n ń yàwòrán ni ó yẹ kí wọ́n ti bá àwọn ìyá wọ̀nyí jókòó, kí ibi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ máa bọ́ sí lè bá ẹnu ọ̀nà ọjà mu.

Láti ilé dé ìdí ọkọ̀

Àwọn ará Èkó fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ibi tí owó ń bá lọ jù lẹ́yìn 2022 ni inú àdúgbò. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Erékùṣù Èkó àti Àpápá. Ẹ ò lè rí ohùn kan lórí ẹ̀. Àwọn òbí tí ọ̀kadà ti ṣẹ́ ọmọ wọn lẹ́sẹ̀ dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń jáde níṣẹ́ lálẹ́, tí ọ̀kadà ń gbé dé ẹnu géètì, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn báyìí nínú òkùnkùn. Ohun méjèèjì jẹ́ òótọ́, ìjọba ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀kan kó di etí sí ìkejì.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún 2021, ni wọ́n ti kó bọ́ọ̀sì kéékèèké 500 jáde láti máa gbé èèyàn láti inú àdúgbò dé ìdí ọkọ̀ ńlá. Níbi tí wọ́n bá wà, wọ́n dáa ju kóròpé, ìyẹn danfó kékeré, lọ: owó wọn kì í lé lójijì. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ẹ ò tíì ní rí wọn, kẹ̀kẹ́ ló kù. Kí ẹ tó gba ilé tuntun nítorí pé ó sún mọ́ rélùwéè, ẹ lọ síbẹ̀ lágogo mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kí ẹ sì bi wọ́n níye. Éjẹ́ńtì tó ń fi ilé hàn yín lágogo méjìlá ọ̀sán ò ní sọ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹrù, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi wé ohun kan. Alágbọ̀n tòmátò tó ti Mile 12 bọ̀, danfó ni tirẹ̀. Kó dúnàádúrà owó ẹrù kó tó gbé agbọ̀n wọlé, torí tó bá ti wọlé tán, kọ̀ndọ́ ló ni ẹjọ́.

Ìkòròdú: BRT tàbí ọkọ̀ ojú omi

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n na ọ̀nà BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú, nǹkan bíi kìlómítà 13, ó sì yí ìgbésí ayé àwọn ará ibẹ̀ padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Kẹ́tu, Ọ̀jọ́ta, Máríláńdì tàbí Fádéyì, ẹ má wulẹ̀ wò ọ̀tún wò òsì, BRT ni.

Ẹni tó bá ń lọ sí Erékùṣù tàbí Fàlómọ̀ ló lè ro ti ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Ìpakodò. Kò sí gosúlóò lórí ọ̀sà. Ohun tó máa gba BRT ní wákàtí méjì láàárọ̀ tí ọ̀nà bá há, ọkọ̀ ojú omi lè fi ìdajì wákàtí tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ṣe é. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti BRT lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi owó ọkọ̀ dé èbúté kún un. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ máa ń sọ pé owó àfikún yẹn ni àwọn fi ń ra oorun. Tí ara yín bá ti ń kọ̀ láti dìde lágogo mẹ́rin àárọ̀, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Àwọn oṣù kan wà tí ewé tó ń léfòó lórí omi máa ń bo ojú ọ̀sà níhà Ìkòròdú, á máa wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, ìrìn á falẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ń jà, tí òjò bá ń bọ̀, ẹ padà sí BRT lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí owó tẹ́ ẹ ti san mú yín wọlé. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbéra lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ẹ má wọ̀ ọ́. Òfin ò fẹ́ ẹ, ìdí pàtàkì sì wà tí kò fi fẹ́ ẹ. Kí ẹ tó jókòó, ẹ gba jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó, kí ẹ wo okùn rẹ̀ bóyá ó ṣeé so, kí ẹ so ó mọ́ra gírígírí. Àwọn kan máa ń gbé e lé itan nítorí aṣọ iṣẹ́ wọn. Tí ọlọ́kọ̀ bá ní èyí tó kù ti já, tàbí pé kò kárí gbogbo yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kí ó tó kúrò ní èbúté, kí ẹ sì pe àwọn tó kù pé kí wọ́n bá yín sọ̀.